Ọjọ́ Tí Mo Ṣi Àwọ̀ Fàdákà Mọ̀

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí gbólóhùn kan tó ti ẹnu mi jáde mú kí ọlọ́pàá mú opó kan. Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ náà, àtẹ́lẹwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Lọ́kọ́ja ni a ń gbé. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, láti Ìjùmú ni iṣẹ́ ti gbé e wá síbẹ̀, a sì ń gbé yàrá méjì nínú ilé kan tí àwa, àwọn Nupe àti àwọn Ìgalà jọ wà. Òmìnira kò tí ì dé. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà náà ni pé owó tuntun ti Nàìjíríà ń bọ̀, pé owó àtijọ́ máa tó kógbá sílé. Àwọn àgbà tó ti ri owó mọ́lẹ̀ láti ìgbà èwe wọn bẹ̀rẹ̀ sí í hú u jáde.

Ọ̀gá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ jẹ́ Òyìnbó arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí kò sì tí ì padà sí ìlú rẹ̀. Ó gba yàrá kan nítòsí gbàgede Paparanda, ibẹ̀ ló ti ń ra ṣílè fàdákà àtijọ́, èyí tí wọ́n ti ń ná kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ ní ìlú wọn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ìdí nìyẹn tó fi gbà mí síṣẹ́. Ọjọ́ tí mo wá béèrè bóyá ó ń wá ẹni tó lè tẹ̀wé, ó ní òun kò wá akọ̀wé, ojú ni òun ń wá. Ó gbé owó méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sọ ìyàtọ̀ wọn. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé owó wá ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n rò pé wọ́n ṣe é lóore ni. Ọ̀gá mi á gbé e sójú fèrèsé, á mí kanlẹ̀, á sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. "Wọ́n ti bó awọ rẹ̀," ni ó máa ń sọ fún mi. Òun ló kọ́ mi pé fàdákà tí ẹnikẹ́ni kò dà láàmú máa ń hu awọ fúnra rẹ̀. Á kọ́kọ́ pọ́n bí omi àgbo, á wá pupa, á di búlúù bí aró, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni dúdú. Awọ yẹn ni àwọn tó ń ra owó náà ń wá. Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ dànù, kò tún sí ohun tó lè dá a padà.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé awọ náà ń tan ènìyàn jẹ. Ó lè bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, kí owó tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha dà bí èyí tí nǹkan kan kò ṣe. Ó sì lè mú kí owó tí ẹnikẹ́ni kò ná rí jọ èyí tó ti gbó. Etí rẹ̀ ni mo máa ń dì mú, n kò gbọ́dọ̀ fi ìka kan ojú rẹ̀. Mo máa ń yí i díẹ̀díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń sáré yí ká lábẹ́ dúdú yẹn, owó náà ṣì dára. Bí ó bá dúró lójú kan, ó ti gbó. Bí òjò bá ṣú báyìí, n kì í mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo ti wo owó kan rí láàárọ̀ tí mo fi í sínú àwo àkọ́kọ́, ti àwọn tó dára jù, nígbà tó di ọ̀sán mo tún un wò, mo gbé e lọ sínú àwo kẹta, ti àwọn tó ti gbó. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún ọ̀gá mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Èyí tó wá le jù ni awọ àtọwọ́dá. Àwọn kan ti gbọ́ pé owó dídán kò níyì lọ́dọ̀ wa mọ́, wọ́n wá ń fi èéfín imí ọjọ́ rin owó tí wọ́n ti fọ̀, kí ó lè yára dúdú. Ọ̀gá mi ní kí n máa fura bí àwọ̀ rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù, tàbí bí ìlà tí n kò mọ ìdí rẹ̀ bá wà lára rẹ̀. Ó ní kí n máa gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ibà dá ọ̀gá mi dúbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kí ó tó lọ, ó ní kí n máa wo ohun tí wọ́n bá gbé wá, kí n kọ èrò mi sílẹ̀, kí n má ra nǹkan kan títí òun á fi dé. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ló sọ. Kò ní kí n sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kejì ni opó náà dé. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, láti abúlé kan lórí òkè Àgbájà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n fún erùpẹ̀ òkè yẹn.

"Ọ̀kun o, ọmọ mi," ó kí mi.

"Ọ̀kun, Màmá. Ẹ jókòó."

Ó yọ agolo wàrà kan jáde, ó dà á sórí tábìlì. Owó méje ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun ló fún òun nígbà tí òun bí àkọ́bí. Ọkọ ti kú báyìí, òrùlé ilé sì ń jò. "Mi ò fọ̀ wọ́n o," ó ní. "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ kì í fẹ́ kí a fọ̀ ọ́."

Mo mú ọ̀kan, n kò rí irú rẹ̀ rí. Apá kan pupa bí osùn, ó rọra yí sí búlúù, etí rẹ̀ sì ń tàn bí ọrùn ẹyẹlé. Nígbà tí mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé e, mo rí ìlà wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀, òmíràn ní ìbú, òmíràn ní òró, bí ojú àwọ̀n. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun ju ojú rẹ̀ lọ. Mo gbé e sún mọ́ imú mi. Imí ọjọ́ ló ń rùn.

Ọlọ́pàá kan wà nínú yàrá náà. Ó wá béèrè ara ọ̀gá mi, ó sì jókòó kí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Yorùbá ojú ọjà ló gbọ́. Lákòókò yẹn, ayédèrú ṣílè ń kiri ọjà wa, wọ́n ní òjé ni àwọn kan fi ń rọ ọ́, wọ́n sì ti pàṣẹ fún àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n la ojú wọn. Èmi kò rántí ìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì rí i pé mo mọṣẹ́ mi.

Mo ní, "Màmá, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe èyí. Imí ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo ń gbóòórùn rẹ̀."

Ọlọ́pàá náà dìde. "Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe owó?"

"Ta ló fi ọwọ́ ṣe é?" ni obìnrin náà béèrè. Ó ń wo ojú mi, ó ń wo ojú ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá kó owó náà padà sínú agolo, ó di obìnrin náà lápá mú. Ó yẹ kí n sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ni mo ń wí, kì í ṣe owó fúnra rẹ̀. Kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá náà ti yíjú sí mi, ó nàka sí mi, ó ní, "Ìwọ ni ẹlẹ́rìí," gbogbo ara mi sì di òkúta. Láti kékeré ni ẹ̀rù aṣọ ọlọ́pàá ti ń bà mí. Obìnrin náà ń pè mí, "Ọmọ mi, bá mi sọ̀rọ̀, bá mi sọ̀rọ̀," títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. N kò sọ nǹkan kan. Mo dúró, mo di etí tábìlì mú.

Nígbà tí a ń jẹun ìrọ̀lẹ́, mo fi ọgbọ́n bi bàbá mi ohun tí ìjọba ń ṣe fún ẹni tó bá rọ ayédèrú owó. Bàbá mi ní ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, pé kò sí bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ó tún ní ẹni tó bá parọ́ mọ́ ẹlòmíràn nílé ẹjọ́ náà ń ṣẹ̀wọ̀n. Mo ti àwo iyán mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní orí ń fọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, ọkùnrin kan ti dúró síbẹ̀. Ó ga, àdá wà nínú àkọ̀ ní ìbàdí rẹ̀ bíi ti àgbẹ̀ tó ń lọ sóko.

"Ìwọ ni ọmọ tó ń wo owó?"

"Èmi ni, sà."

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ìwọ lo sọ pé ó rọ owó."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí lo wá sọ?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ awọ, mo sọ̀rọ̀ ìlà, mo sọ̀rọ̀ òórùn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún létí rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Kò dá mi lẹ́kun. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Àpótí tí owó náà ti jáde ṣì wà nílé. Wá fi ojú rẹ tó mọ nǹkan wò ó."

Mo wo àdá náà. Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí n kò bá lọ, obìnrin yẹn á wà níbi tó wà. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá lọ, kò sí ẹni tó máa mọ ibi tí mo wọ̀. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé, "Mo bá ọkùnrin kan láti Àgbájà lọ sí abúlé rẹ̀," mo fi àwo eérú tábà ọ̀gá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì. Mo fi awò náà sápò, mo sì tẹ̀ lé e.

Lọ́rì tó ń lọ kó iṣu gbé wa dé ìsàlẹ̀ òkè. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Òun ló wà níwájú, èmi ń tẹ̀ lé e, mo ń ka àwọn igi ńlá tí a ń kọjá kí n lè mọ̀nà bí mo bá ní láti sá padà. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti dín, tí igbó ti bò ó lápá méjèèjì, ó dúró lójijì, ó yí padà. Mo la ẹnu láti kígbe.

"Bọ́ bàtà rẹ," ó ní. "Òkúta ibí ń yọ̀."

Mo bọ́ ọ. Mo ní láti jókòó sílẹ̀ kí n tó lè tú okùn rẹ̀. Ó dúró dè mí, ó yíjú sápá ibòmíràn.

Nílé opó náà, àwo àti ìkòkò wà káàkiri ilẹ̀ níbi tí òjò ti ń kán. Ọkùnrin náà fa àpótí igi kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Kí ó tó ṣí i tán ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Imí ọjọ́ ni. Ìwo ẹfọ̀n kan ló wà lókè, ó tú ìdérí rẹ̀, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ẹ̀tù ìbọn, tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀.

"Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ibí ló ń tọ́jú ẹ̀tù rẹ̀ sí, kí omi má bàa kàn án."

Lábẹ́ ìwo náà ni aṣọ pupa kan wà, tí wọ́n ká. Aṣọ ilẹ̀ Bùnú ni, ó nípọn, òwú onírun tí wọ́n tú lára aṣọ Òyìnbó ni wọ́n fi hun ún. Nígbà tí ó tú u, mo rí ojú ibi tí owó náà sùn sí, méje, wọ́n rí roboto bí ojú àpá. Mo gbé awò lé aṣọ náà. Òwú ìbú, òwú òró. Ìlà tí mo rí lára owó nìyẹn. Mo wò ó títí, nítorí mo ń bẹ̀rù pé ohun tí mo fẹ́ rí ni mo ń rí. Mo tún un wò.

Kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn wọ́n. Láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti bí àkọ́bí rẹ̀ ni owó náà ti fojú kan aṣọ, tí ẹ̀tù sì ń rùn lé e lórí, awọ rẹ̀ sì ń hù díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn àpótí. Gbogbo ohun tí mo rí ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́.

"Sà, a ní láti gbé aṣọ yìí lọ," ni mo wí.

"Aṣọ ìyá wa ni. Kì í jáde nílé." Ó fi ọwọ́ pa aṣọ náà lára. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó fi í sábẹ́ apá, ó sì mú ìwo ẹ̀tù náà dání.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí a dé àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì kan ló jókòó sídìí tábìlì. Mo ti há ohun tí màá sọ sórí lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló fò lọ.

"Mo ṣìṣe, sà," ni mo ní. "Owó gidi ni."

"Ìwọ kọ́ ni ẹlẹ́rìí?"

"Èmi ni, sà."

"O mọ̀ pé bí irọ́ lo pa, ìwọ náà á wọlé síbẹ̀?" Ó fi ẹ̀yìn orí júwe ilẹ̀kùn onírin.

Mo ní mo mọ̀. Ó mú agolo náà jáde. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì rẹ̀, mo gbé owó kan lé e, mo ń yí i títí ìlà ara owó fi bá ìlà ara aṣọ mu, mo wá na awò náà sí i. Ó tẹrí ba sórí rẹ̀, ó wò ó, ó mí sókè. Ó tún gbóòórùn ìwo ẹ̀tù náà. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ mú owó kan, ó jù ú sórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì. Ó dún gooro, ó sì dún pẹ́.

"Òjé kì í dún báyìí," ó ní, bí ẹni pé ó ń bá ara rẹ̀ wí. Ó pe ọlọ́pàá tó mú obìnrin náà wá, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní Hausa, ọ̀rọ̀ gbígbóná.

Wọ́n mú obìnrin náà jáde. Orí ilẹ̀ lásán ló ti sùn mọ́jú, gèlè rẹ̀ kò sí lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Màmá."

Aṣọ pupa yẹn ló ń wò lórí tábìlì. "Ta ló gbé èyí jáde?"

"Èmi ni," ni àbúrò ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Kò sí ọ̀nà mìíràn."

Ó ká aṣọ náà fúnra rẹ̀, dáadáa, ó gbá a mọ́ àyà. Ìgbà náà ló tó wò mí. "Ojú rẹ dára, ọmọ mi. Ìlà tí èmi tí mo ni owó kò rí rí, ìwọ rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń mú mi lọ, o ń wò mí." Kò pariwo. "O ń wò mí, o ò sì sọ nǹkan kan."

Wọ́n lọ. Mo ṣì wà lórí eékún nígbà tí sájẹ́ǹtì ní kí n dìde, kí n máa lọ sílé bàbá mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò lù mí, kò sì bú mi. Ó ní ní àárọ̀ kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ lórí ibùsùn ọsibítù. Ó ní bí ó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀, òun náà ì bá sọ pé àtọwọ́dá ni. Ó fẹ́ fi tù mí nínú, ṣùgbọ́n ńṣe ló tún dá kún ẹ̀rù mi. Bí òun tó kọ́ mi kò bá lè mọ̀ ọ́n, èmi wo ni màá tún máa fi ẹnu mi dá nǹkan lẹ́jọ́?

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ránṣẹ́ sí Àgbájà. Obìnrin náà kò sọ̀kalẹ̀ wá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló gbé mẹ́ta wá nínú méje, ọ̀gá mi sì san owó tó tó kan páànù òrùlé náà. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú mi, ó ní kí n fi wọ́n sínú àwo tó yẹ wọ́n. Mo wò wọ́n títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé n kò mọ̀. Ó kà á, ó fi wọ́n sínú àpò aṣọ tiwọn lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà títí ó fi padà sí ìlú rẹ̀, n kò tún sọ èrò mi nípa owó kankan lójú ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo rí obìnrin náà ní ọjà etí odò. Ìdí àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ ni mo sá pamọ́ sí. Mo dúró títí mo fi rò pé ó ti lọ. Bí mo ṣe yọjú, iwájú mi gan-an ló wà, apẹ̀rẹ̀ kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wá bá mi gbé ẹrù yìí rù," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di etí apẹ̀rẹ̀ náà mú. Ó fì sí apá ọ̀dọ̀ mi, iyọ̀ tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀.

"Mú un dáadáa."

Mo mú un dáadáa. A jọ gbé e sókè dé orí òṣùká rẹ̀, ó tún ọrùn ṣe lábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ó tó," ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.